Bàtà Eré Tí Ẹ̀gbọ́n Yàn

Bí ẹ bá dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ láyé ìgbà yẹn tí ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ gan-an, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má mọ ẹni tí ẹ ń wí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣáà ti ní Ìyá Òṣùwọ̀n lẹ ń wá, kíá ni wọn yóò nawọ́ sí i. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ṣiṣẹ́, nídìí kàǹtà tí wọ́n ti ń gba ẹrù tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn. Òṣùwọ̀n kan wà níwájú rẹ̀ tí ojú rẹ̀ rí roboto bíi ti aago, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì máa ń gbọ̀n kó tó dúró. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé ẹrù lé e, kó wo ibi tí abẹ́rẹ́ dúró sí, kó lẹ sítáǹpù tó yẹ mọ́ ọn. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà débi pé bí oníbàárà bá ti na ẹrù sí i, á gbé e sókè díẹ̀, á gbé e wálẹ̀, á sọ iye tó wọ̀n, lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbé e sórí òṣùwọ̀n, bí ẹni pé òṣùwọ̀n ló ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa dápàárá pé bí òṣùwọ̀n náà bá bàjẹ́, ọ̀gá ò ní ra òmíràn, ọwọ́ obìnrin yìí ni yóò ní kó máa gbé sórí kàǹtà. Bí ẹnì kan níbi iṣẹ́ bá bímọ, òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé ọmọ náà fún. Kì í ṣe pé ó mọ ọmọ gbé jù wọ́n lọ. Wọ́n kàn fẹ́ gbọ́ iye tí ọmọ wọ̀n ni. Á sọ ọ́, á sì dá ọmọ ọlọ́mọ padà fún ìyá rẹ̀ bí ẹrù tó ti gba sítáǹpù.

Kí ẹ má baà rò pé aláìláàánú ni, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́: ó nífẹ̀ẹ́. Ìfẹ́ rẹ̀ ló kàn le. Ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ni ìyá rẹ̀ kú, bàbá ti ṣáájú lọ tipẹ́, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí kó jọ sínú yàrá, wọ́n jókòó yí ká, oníkálukú ń ṣàlàyé ìdí tí ilé tirẹ̀ ò fi gba èèyàn mọ́. Ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá Òṣùwọ̀n, tí ẹnikẹ́ni ò tíì máa pè ní ìyá nígbà yẹn, dìde, ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu mọ́. Èmi ni màá tọ́ ọ." Ó sì tọ́ ọ. Àwọn ọkùnrin tó wá fẹ́ ẹ dúró títí, nígbà tí wọ́n rí i pé ọmọ yẹn ló gba gbogbo àyè, wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Kékeré ló ń pe àbúrò yìí. Kékeré ti lé ní ogójì ọdún báyìí, ó ti bímọ méjì, èkejì ti ga ju òun alára lọ, síbẹ̀ Kékeré náà ni.

Yàrá kan ni wọ́n ń gbé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì. Bẹ́ẹ̀dì kan, àpótí aṣọ kan, tábìlì kan tí wọ́n fi ń jẹun tí wọ́n sì fi ń kàwé. Nínú yàrá yẹn, ẹ̀gbọ́n kì í pariwo, kì í na ọmọ. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Nígbà tó yá, àbọ̀ ọ̀rọ̀ gan-an pọ̀ jù, ojú ló kù tó ń lò. Bí àlejò bá fi nǹkan lọ Kékeré, ojú ẹ̀gbọ́n ni yóò kọ́kọ́ wò kó tó mọ̀ bóyá ebi ń pa òun. Àwọn ará ilé a máa yin ọmọ náà pé irú ọmọ tó gbọ́ràn báyìí ṣọ̀wọ́n. Orí ẹ̀gbọ́n a wú. Wọ́n ní ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ká fi tọ̀tún fà á mọ́ra. Ó dá a lójú pé ọwọ́ méjèèjì lòun lò. Ta ni yóò sọ fún un pé ọmọ tí kò jiyàn rí, ó yẹ kéèyàn fura sí i?

Nígbà tí Kékeré wọ ilé ìwé girama, ó hàn pé eré wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tíṣà eré ìdárayá gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá bá wọn. Ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ kó tó dókè, tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó lọ́kàn bóyá tíṣà eré ìdárayá ni lóòótọ́. Ó jókòó, ó mu omi, ó sì sọ ohun tó bá wá. Eré orí títì tàwọn obìnrin kan ń bọ̀. Ẹgbẹ́ eléré kan fẹ́ mú ọmọ láti ibẹ̀. Àwọn tí wọ́n bá mú, wọn á fún wọn nílé gbé, wọn á rán wọn níwèé, wọn á sì kọ́ wọn ní eré sísá títí tí wọn yóò fi di gbajúmọ̀.

"Kékeré á wà lára àwọn tó ṣíwájú," tíṣà wí. "Mi ò tàn yín. Àmọ́ bàtà kánfáàsì ilé ìwé ló ṣì fi ń sáré. Àǹtí, ẹ bá a wá bàtà eré gidi. Bàtà obìnrin, èyí tó fúyẹ́, tí wọ́n ṣe fún orí títì. Kí òun fúnra ẹ̀ bá yín lọ o, kó wọ̀ ọ́ wò dáadáa, kó sáré díẹ̀ nínú ẹ̀ kí ẹ tó sanwó."

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ "fúyẹ́". Etí rẹ̀ ti di sí ìyókù. Ta ló tún fẹ́ kọ́ òun, nínú gbogbo ayé, ní ohun tó fúyẹ́ àti ohun tó wúwo?

Òun nìkan ló lọ, nígbà ìsinmi ọ̀sán, nítorí ó fẹ́ kó jẹ́ ìyanu fún ọmọ náà. Kó tó jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ti yí sàńdà ilé ìwé Kékeré padà, ó wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan. Sàńdà yẹn ti fún ọmọ náà láti nǹkan bí ọdún kan, ó ti ń ká ìka ẹsẹ̀ kò nínú rẹ̀ lọ sílé ìwé, kò sì sọ, nítorí ẹ̀gbọ́n ló rà á. Bàtà tó ń pa ọmọ lẹ́sẹ̀ ni wọ́n fi wọn òmíràn fún un.

Ní ìsọ̀ bàtà tó lọ, Ìyá Òṣùwọ̀n kò jókòó. Ó gba iwájú pẹpẹ, ó ń gbé bàtà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé e sókè, ó ń gbé e wálẹ̀, ó ń mi orí. Ẹni tó ń ta bàtà ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, kò mọ ohun tó ń lọ. Ó dé orí ọ̀kan, funfun tó ní ilà pupa, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọwọ́ ọmọge. Ó gbé e, ó dúró. Ẹ̀rín yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Èyí."

"Àǹtí, ìyẹn fúyẹ́ lóòótọ́," olùtajà wí, "ṣùgbọ́n ọjọ́ ìdíje nìkan ni wọ́n ń wọ̀ ọ́, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ti gbó nínú eré ló sì wà fún. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ ò nípọn. Ó tún há níwájú. Ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ ńkọ́, ṣé ó fẹ̀ ni àbí ó tẹ́ẹ́rẹ́?"

"Àbúrò mi ni. Mo mọ ẹsẹ̀ àbúrò mi."

Kò mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ Kékeré fẹ̀ níwájú bíi ti ìyá wọn, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti ń fọ ẹsẹ̀ yẹn láti kékeré rẹ̀, kò wò ó rí.

Ẹ wá wo ayọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kékeré kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba páálí náà, ó ṣí i, ó pariwo. Ó wọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ní kó rìn láti ìdí bẹ́ẹ̀dì dé fèrèsé, ó rìn. Ó ní, "Ṣé ó bá ẹ mu?" Kékeré rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ó bá mi mu, Àǹtí. Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ kú ìnáwó." Bí wọ́n ṣe sùn nìyẹn, inú àwọn méjèèjì dùn. Mo ní àwọn méjèèjì, nítorí inú Kékeré dùn lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kà á sí débi pé ó fi àkókò oúnjẹ rẹ̀ lọ ra bàtà. Kí ni ti ìka ẹsẹ̀ nínú ìyẹn?

Lẹ́yìn náà, àmì ń yọ, ẹ̀gbọ́n ń rí i, ó sì ń túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí rere. Bí Kékeré bá ti ibi ìgbáradì dé, ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yóò ti bọ́ bàtà náà, yóò gbé e dání gun òkè. Ẹ̀gbọ́n ní ọmọ náà mọ iyì nǹkan, kò fẹ́ kó gbó. Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú. Kékeré ní òkúta lòun fi ẹsẹ̀ kọ, ẹ̀gbọ́n ní kó máa wo iwájú. Onígbàjámọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé tiẹ̀ là á mọ́lẹ̀ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá Òṣùwọ̀n, ọmọ yín ń tiro o." Ó bi onítọ̀hún padà pé, "Ẹni tó sáré bọ̀, ṣé ẹ fẹ́ kó máa jó wọlé ni?" Gbogbo àwọn tó ń gẹrun rẹ́rìn-ín. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Àgbà yìí jókòó dáadáa, kò sì rí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ eré, ó gba àyè níbi iṣẹ́, ó lọ dúró sétí títì, níbi tí kò jìnnà sí òpin. Ó ń na ọrùn. Nígbà tí àwọn tó ṣíwájú yọ, Kékeré wà láàárín wọn! Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Ó ń gbé e bí ẹni tó tẹ iná. Ó ti ń dẹwọ́, ó ti ń yà bọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó hàn pé ó fẹ́ dúró. Ẹ̀gbọ́n ò mọ ìgbà tí ó kígbe.

"Kékeré! Sá! Mo ní kí o sá!"

Ọmọ náà gbójú sókè, ó rí i. Ó sì sá. Ó padà sáàárín títì, ó fi ẹsẹ̀ yẹn sáré, ó kọjá ẹnì kan, ó kọjá ẹnì kejì, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ìgbà tó ku díẹ̀ kó dé òpin ló ṣubú, kò sì lè dìde mọ́.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní láti gé okùn bàtà náà kí ó tó lè yọ ọ́, nítorí ẹsẹ̀ ti wú. Ó wo bàtà, ó wo ẹsẹ̀, ó ní, "Ta ló ra èyí fún un?" Dókítà wá ṣàlàyé pé egungun ẹsẹ̀ ti sán, kì í sì í ṣe ọjọ́ kan ló sán. Díẹ̀díẹ̀ ló ti ń là láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó ní ó ya òun lẹ́nu bí ọmọ náà ṣe ń rìn, ká má tíì sọ ti eré.

Nígbà tó ku àwọn méjèèjì, ẹ̀gbọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Kékeré, kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Kékeré wò ó bí ẹni tí ìbéèrè náà kò yé.

"Ẹ̀yin lẹ fún mi, Àǹtí."

Egungun náà jinná. Ẹgbẹ́ eléré mú àwọn ọmọ mìíràn, wọ́n lọ. Nígbà tí Kékeré yóò fi lè fi ẹsẹ̀ náà sáré, omi ti tán lẹ́yìn ẹja. Kò tún sẹ́ni tó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá sọ̀rọ̀ eré fún wọn mọ́. Kò sunkún lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó parí ìwé girama, ó ríṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn ńlá, níbi tí wọ́n ti ń da aṣọ bẹ́ẹ̀dì sínú ẹ̀rọ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí ooru sì ń rú bí èéfín. Ó ń ṣe é dáadáa. Gbogbo ohun tí Kékeré bá ń ṣe, dáadáa ló ń ṣe é, ohun tó sì wá ń dun Ìyá Òṣùwọ̀n jù nìyẹn.

Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Tirẹ̀ kò gbẹ̀yìn, ńṣe ló jókòó tì í. Báwo ni ẹ̀gbọ́n ṣe ń bẹ àbúrò? Ó gbìyànjú rẹ̀. Ó ra aṣọ fún un, Kékeré kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó ní aṣọ náà dára. Ó ra báàgì, Kékeré dúpẹ́, ó ní báàgì náà dára. Ni ẹ̀rù bá bẹ̀rẹ̀ sí í ba ẹ̀gbọ́n. Ó ń ronú padà. Iṣẹ́ ìfọṣọ yẹn, ṣé kì í ṣe òun ló sọ pé iṣẹ́ ilé ìwòsàn kì í bọ́ lọ́wọ́ ẹni? Ọkọ tí Kékeré fẹ́, awakọ̀ tírélà tó ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lójú ọ̀nà kó tó lo ọjọ́ méjì nílé, ṣé kì í ṣe òun ló kàn sọ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá pé, "Ọkùnrin yìí mọ̀wọ̀ àgbà"? Ó kàn sọ ọ́ ni o! Ó ń wá nǹkan sọ ni. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n ti ṣègbéyàwó. Bóyá Kékeré fẹ́ràn rẹ̀. Bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyá Òṣùwọ̀n kò mọ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò bi léèrè.

Ohun kan ṣoṣo ló wá ń wù ú kó tó kú. Kò fẹ́ ilé, kò fẹ́ mọ́tò. Ó fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ wo òun lójú lẹ́ẹ̀kan péré, kó sọ ohun tí Kékeré fúnra rẹ̀ fẹ́.

Ó ti fẹ̀yìn tì nígbà tí Kékeré wá bá a lọ́jọ́ Àìkú kan. Wọ́n kí ara wọn tán, Kékeré ń fi ìka wa etí àga.

"Àǹtí, àwa obìnrin ibi iṣẹ́ wa ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Àárọ̀ Sátidé la fi ń sáré. Kì í ṣe ìdíje o, ara là ń nà. Mo ti bá wọn rìn lẹ́ẹ̀mejì. Ó wù mí kí n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré padà."

Ọkàn ẹ̀gbọ́n fò sókè. Ó ní, "Ó wù ẹ́?"

"Bí ẹ bá ní kò burú."

"Èmi ò ní ohunkóhun ní sísọ. Ó wù ẹ́ àbí kò wù ẹ́?"

"Ó wù mí. Ẹ ṣáà bá mi lọ yan bàtà."

Ìyá Òṣùwọ̀n ò fojú kan oorun dáadáa títí ọjọ́ náà fi pé. Ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́: òun ò ní gbé bàtà kankan, òun ò ní wo bàtà kankan ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, òun ò ní sọ pé èyí dára, òun ò ní sọ pé tọ̀hún burú. Ó gbàdúrà sí i. "Olúwa, bá mi di ẹnu mi mú." Mo mọ àwọn tó ń gbàdúrà owó. Obìnrin yìí ń gbàdúrà kí òun lè dákẹ́ fún wákàtí kan.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n lọ, nítorí àwọn ẹgbẹ́ Kékeré ti sọ fún un pé ìrọ̀lẹ́ ni ẹsẹ̀ máa ń wú, ìgbà yẹn ló sì yẹ kéèyàn wọn bàtà eré. Ọmọbìnrin kan tó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ ló pàdé wọn nínú ìsọ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí wọn.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, mà. Ta ló fẹ́ wọ bàtà?"

Ẹnu ẹ̀gbọ́n ti là. Ó pa á dé, ó fi ọwọ́ tọ́ka. "Òun ni. Òun ló máa bá ẹ sọ̀rọ̀."

Wọ́n jókòó. Olùtajà béèrè bóyá orí títì ni wọ́n ti fẹ́ máa sáré, Kékeré ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó béèrè bóyá ó ti sáré rí, Kékeré ní ó ti pẹ́. Ó wá ní, "Ṣé èyí tó fúyẹ́ lẹ fẹ́?"

Kékeré yíjú, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ṣé èyí tó fúyẹ́ ni, Àǹtí?"

Bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un ló rí lára Ìyá Òṣùwọ̀n. Ó ní, "Ẹsẹ̀ tìẹ ni, Kékeré." Ó sì wo òkè àjà.

Ọmọbìnrin náà, tí kò mọ ohun tó ń lọ, ń bá àlàyé rẹ̀ lọ pé oríṣi méjì ni bàtà tó fúyẹ́. Òmíràn fúyẹ́ nítorí pé wọ́n ti yọ ohun tí ẹsẹ̀ nílò kúrò lábẹ́ rẹ̀. Òmíràn fúyẹ́, síbẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, ó sì rọ̀. Ó mú ọ̀kan wá. Kékeré wọ̀ ọ́. Olùtajà béèrè bóyá ó fún un lẹ́sẹ̀. Kékeré tún wo ojú ẹ̀gbọ́n kó tó ní kò fún òun. Olùtajà fi àtàǹpàkò tẹ iwájú bàtà náà, ó ní, "Háà, mà, kò sáyè níbí rárá. Ìka yín ti kan ògiri." Kékeré ní, "Kò burú, màá fara dà á."

Ìyá Òṣùwọ̀n dìde. "Ooru ń mú mi. Ẹ jẹ́ kí n gba atẹ́gùn díẹ̀ níta."

Ó jáde, ó rìn dé ẹ̀gbẹ́ kan níbi tí wọn ò ti ní tètè rí i, ó sì yọjú wo inú ìsọ̀ láti ẹ̀yìn gíláàsì. Fún ìgbà díẹ̀, Kékeré kàn jókòó, ó ń wo ilẹ̀kùn. Nígbà tó rí i pé ẹnikẹ́ni ò padà wọlé, ó bọ́ bàtà náà. Wọ́n mú òmíràn wá, ó wọ̀ ọ́, ó dìde, ó sì mi orí. Ó mi orí! Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n mú ẹ̀kẹta wá, Kékeré ò tiẹ̀ wọ̀ ọ́, ó ti páálí náà sẹ́yìn, ó ń sọ nǹkan kan, olùtajà sì ń rẹ́rìn-ín. Ó tọ́ka sí orí pẹpẹ òkè. Ó wọ ìyẹn, ó sáré dé ìdí ògiri, ó sáré padà, ó ní kí wọ́n bá òun wá nọ́ńbà tó tóbi díẹ̀ sí i. Ó ń jiyàn. Ó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan tó mú kí àwọn oníbàárà méjì tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín.

Omi ń bọ́ lójú Ìyá Òṣùwọ̀n. Ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sún mọ́ ọn.

"Màmá, ṣé kò sí wàhálà? Ṣé ẹ ń wá ẹnì kan ni?"

"Àbúrò mi ni mò ń wò."

"Ṣé ó sọnù ni?"

"Kò sọnù, ọmọ mi. Ó wà níbẹ̀ yẹn. Mi ò kàn rí i rí ni."

Ẹ̀ṣọ́ náà yọjú wo inú ìsọ̀. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Kékeré jáde, ó ti sanwó, ó ṣí páálí dání. Àwọ̀ bàtà náà tutù yọ̀yọ̀ bí ewé, ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn, iwájú rẹ̀ gbalẹ̀ bí ìdí abọ́. Ojú Kékeré ń dán. Ẹni tó rí i nígbà yẹn yóò rí ọmọ ilé ìwé girama yẹn gan-an.

"Àǹtí, ẹ wò ó! Èmi ni mo yàn án!"

Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n ti kọ́ ara rẹ̀ láti sọ wà lẹ́nu rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́. "Ó dára, Kékeré. O kú ọgbọ́n." Ó wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó ti tò ó tán. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti ń yan nǹkan fún ọmọ yìí láti ọdún tí ìyá wọn ti kú kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Ó mà fẹ̀ níwájú o."

Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́ sílẹ̀. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, kò tiẹ̀ sọ ọ́ sókè. Ṣùgbọ́n ó rí i bí ìmọ́lẹ̀ ṣe kúrò lójú Kékeré, kíá, bí ẹni pa iná yàrá. Kékeré wo bàtà náà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbé e lé òun lọ́wọ́.

"Ó fẹ̀ lóòótọ́, Àǹtí. Ẹ jẹ́ n lọ pààrọ̀ ẹ̀. Wọ́n ní a lè pààrọ̀ ẹ̀."

Ó ti ń yí padà sí ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n di páálí náà mú.

"Rárá! Rárá, Kékeré. Má pààrọ̀ ẹ̀. Ó dára. Ó dára gan-an ni. Wọ̀ ọ́."

"Ẹ ní kí n…"

"Mo ní kí o wọ̀ ọ́."

Lójú ẹsẹ̀, Kékeré bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ìsọ̀, níbi tí àwọn èèyàn ń gbà kọjá, ó bọ́ sàńdà rẹ̀, ó fa ìbọ̀sẹ̀ wọ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà náà, ó di okùn rẹ̀ dáadáa. Kò pẹ́, kò jiyàn, ó dìde dúró, ó sì ń dúró dè é. Ìyá Òṣùwọ̀n ń wò ó láti òkè. Ó wá yé e ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Bàtà kan ṣoṣo tí ọmọ yìí fi ẹnu ara rẹ̀ yàn láyé rẹ̀, òun ti sọ ọ́ di iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

Ó di àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ mú. "Kékeré, jọ̀wọ́. Ṣé o fẹ́ràn ẹ̀?"

Kékeré rẹ́rìn-ín sí i pẹ̀lú ìfẹ́, bí ọmọ rere.

"Bí ẹ bá ti fẹ́ràn ẹ̀, Àǹtí, mo fẹ́ràn ẹ̀."

Wọ́n jọ rìn lọ sí ibùdókọ̀. Kékeré gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀ kó má baà wúwo jù fún un, ó ń sọ ìtàn ibi iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n sì ń dáhùn. Kò tún béèrè mọ́. Ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tí Kékeré ò lè sọ òótọ́ fún láyé yìí, títí kan ọmọbìnrin olùtajà tí kò mọ̀ rí. Òun nìkan ni kò lè sọ ọ́ fún, òun náà ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ọ bẹ́ẹ̀.